Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Gbogbo Kọ̀ǹpútà Inú Ilé Máa Lo Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Àtijọ́ Kan

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kì í tètè kú. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti pa tì sí kọ̀rọ̀ yàrá ló ṣì ń tẹ̀wé dáadáa; ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé kò ní Wi-Fi, kò sì ní ihò tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ̀. Wáyà USB kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì mọ̀. Ẹni tó bá wà ní yàrá kejì á kó fáìlì sórí flash, á gbé e wá, á sì máa bẹ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pé kó jẹ́ kóun tẹ ojú ìwé méjì péré.

Ìyà yẹn ò pọn dandan. Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé. Nǹkan mìíràn ló máa dúró ní àárín, tí á máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, tí á sì máa gbé e lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ nípasẹ̀ wáyà. Alárinà ni mo máa pe nǹkan yẹn nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Bí nǹkan bá dojú rú lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo ètò tán, alárinà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ó ti sùn, orúkọ tàbí àdírẹ́sì rẹ̀ ti yí padà, tàbí kò dá ẹni tó ń kanlẹ̀kùn mọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sábà jẹ̀bi.

Ta ni kó ṣe alárinà?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè lo kọ̀ǹpútà tí ẹ ti ní nílé. Owó kankan ò ní jáde, àmọ́ kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ wà ní títàn nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tẹ̀wé. Ẹ lè lo kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, kí ẹ fi Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tọ̀sán-tòru. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Ìkẹta ni ráútà tó ní ihò USB, tàbí àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní print server.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá sú yín pé ó ń tàn ṣáá, ẹ lọ sí Raspberry Pi. Ọ̀rọ̀ ráútà àti print server, mo fi í sẹ́yìn nítorí ìdí kan tí màá sọ tó bá yá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rí i pé ó ń tẹ̀wé níbi tó wà

Ẹ má tíì ronú kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ alárinà, ẹ fi driver rẹ̀ sí i, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ bó ṣe máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tẹ ojú ìwé ìdánwò. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Bluetooth & devices, Printers & scanners; ẹ tẹ orúkọ ẹ̀rọ náà, lẹ́yìn náà Printer properties, kí ẹ sì tẹ Print Test Page. Bí ìwé yẹn ò bá jáde, tàbí tó jáde pẹ̀lú ìlà àwọn àmì tí kò nítumọ̀, kò sí ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan tó lè tún un ṣe. Driver ni ẹ máa wá nǹkan ṣe sí.

Wàhálà driver ló pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ àtijọ́. Windows 11 kò ní ẹ̀yà 32-bit rárá, nítorí náà driver tí wọ́n kọ fún 32-bit nìkan kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kí ẹ tó sọ̀rètí nù, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ yín gbọ́ PCL tàbí PostScript, èdè méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, torí ẹ̀rọ tó bá gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì lè lo driver gbogboogbò. HP LaserJet 4 tó jáde ní 1992, fún àpẹẹrẹ, PCL ló ń gbọ́, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kó di ohun ìsọnù títí di ìsinsìnyí. Ẹ tún wo ojú ewé Printers & scanners yẹn náà bóyá ẹnì kan ti tan Windows protected print mode. Bó bá ń ṣiṣẹ́, Windows kò ní gba driver ilé iṣẹ́ kankan, ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè wà láìsí driver tirẹ̀. Ẹ pa á.

Bí ẹ̀rọ yín bá dàgbà débi pé ihò fífẹ̀ tó ní ìgúnmọ́ wáyà kéékèèké lápá ọ̀tún àti òsì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, parallel port nìyẹn. Wáyà kan wà tí ẹ lè rà, tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ USB, tí ìkejì sì jẹ́ irú ihò fífẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń tó fún títẹ̀wé, bí kò tiẹ̀ yára.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fún alárinà ní orúkọ, ẹ má sì jẹ́ kó sùn

Orúkọ ni àwọn kọ̀ǹpútà yòókù máa fi wá alárinà rí. Orúkọ tí Windows fún un fúnra rẹ̀ sábà máa ń dà bí DESKTOP-7F3KQ2A, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ máa há irú ìyẹn sórí. Ẹ lọ sí Settings, System, About, kí ẹ tẹ Rename this PC. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kó má ju lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kó má ní àlàfo, ẹ má sì fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sí i. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti kọ Yorùbá láìfàmì sí i, àmọ́ ibí yìí kọ́ ni ibi tí a ti máa ja ìjà yẹn. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, YARAIWE ni mo sọ alárinà. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn lẹ́yìn tí ẹ bá yí orúkọ padà.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ oorun. Ní Settings, System, Power, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Screen and sleep sí, kí ẹ sọ pé kí kọ̀ǹpútà má sùn rárá nígbà tó bá wà lórí iná. Ojú rẹ̀ lè kú, ìyẹn ò ní nǹkan í ṣe. Bó bá jẹ́ laptop, ẹ tún sọ fún un pé kó má sùn bí wọ́n bá pa á dé. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń sú èèyàn ṣe jù, òun náà ló sì ń fa ẹjọ́ tó pọ̀ jù: lánàá ó tẹ̀wé, lónìí wọ́n ní printer is offline, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ sì rí i pé Windows mọ̀ pé inú ilé lòun wà. Ní Settings, Network & internet, ẹ tẹ Wi-Fi tàbí Ethernet tí ẹ ń lò, kí ẹ yan Private network. Bó bá wà lórí Public, Windows á ka gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù sí àjèjì, kò sì ní dá wọn lóhùn. Nínú Advanced network settings, ẹ wá Advanced sharing settings, kí ẹ tan Network discovery àti File and printer sharing lábẹ́ Private. Kí ẹ tan wọ́n lábẹ́ Public? Rárá o.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pín ẹ̀rọ náà

Èyí ò gba àkókò. Ẹ padà sí Printer properties, ẹ tẹ Sharing, ẹ fi àmì sí Share this printer, kí ẹ sì fún un ní orúkọ kúkúrú láìsí àlàfo. PRINTA1 ni mo lò níbí. Ẹ tẹ OK. Ó parí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣí àkáǹtì kan fún títẹ̀wé

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi orí gbá ògiri. Bí kọ̀ǹpútà kejì bá kan ilẹ̀kùn alárinà, alárinà á béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tó ń fi PIN oní nọ́ńbà mẹ́rin ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lójoojúmọ́ á tẹ PIN yẹn síbẹ̀, wọn ò sì ní gbà á, torí PIN kò kọjá ara kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì gan-an ni wọ́n ń béèrè. Àkáǹtì tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà rárá kò sì lè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Bí Windows ṣe ń jáde láti ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ ṣí àkáǹtì kan sórí alárinà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju ìwé títẹ̀ lọ. Ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, kí ẹ kọ:

net user tewe * /add

Á ní kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe pé kíbọ́ọ̀dù ti bàjẹ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà síbi tí ẹ ti máa rí i. Ọ̀rọ̀ aṣínà tiyín gan-an wà lọ́wọ́ yín, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n kó tó lè tẹ̀wé.

Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú pa Password protected sharing kí gbogbo èèyàn máa wọlé láìsí ìbéèrè. Ó ń ṣiṣẹ́ láyé ìgbà kan. Àwọn Windows tuntun, pàápàá Windows 11 24H2, kò fẹ́ràn àlejò tí kò lórúkọ mọ́, ẹ ó sì kàn máa bá a fà á títí ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ lọ sídìí kọ̀ǹpútà kejì

Ẹ rí i dájú pé orí Wi-Fi kan náà ni kọ̀ǹpútà kejì wà, kì í ṣe Wi-Fi àlejò. Ráútà kì í sábà jẹ́ kí àwọn tó wà lórí Wi-Fi àlejò rí àwọn tó wà nínú ilé.

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, kí ẹ kọ:

\\YARAIWE

kí ẹ sì tẹ Enter. Bí wọ́n bá béèrè orúkọ, ẹ kọ YARAIWE\tewe, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ṣe, kí ẹ fi àmì sí Remember my credentials kó má baà tún béèrè lọ́la. Ojú ewé kan á ṣí, ẹ ó sì rí PRINTA1 níbẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Connect. Kọ̀ǹpútà kejì á gba driver lọ́wọ́ alárinà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021, alábòójútó kọ̀ǹpútà nìkan ni Windows ń gbà láyè láti gba driver báyìí, nítorí náà bí ọmọdé ló ni kọ̀ǹpútà náà, àgbà ló máa wá tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó lẹ́ẹ̀kan yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ lè máa tẹ̀wé fúnra rẹ̀.

Ẹ tẹ ojú ìwé ìdánwò láti ibẹ̀. Ẹ tún pa Let Windows manage my default printer lórí kọ̀ǹpútà kejì, torí Windows fẹ́ràn láti máa pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń lò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ilẹ̀kùn ò bá ṣí

Ẹ wá ìdí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ṣé alárinà wà láyè? Ẹ ṣí Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà kejì, kí ẹ kọ ping YARAIWE. Bí ẹ bá rí Reply from pẹ̀lú àdírẹ́sì bíi 192.168.1.50, ọ̀nà mọ́. Bó bá ní òun ò rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo àdírẹ́sì IPv4 alárinà nípa kíkọ ipconfig lórí rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú \\192.168.1.50 dípò orúkọ. Bí àdírẹ́sì bá ṣiṣẹ́ tí orúkọ ò ṣiṣẹ́, ẹ wọ ojú ewé ráútà, ẹ wá DHCP reservation, kí ẹ fi àdírẹ́sì yẹn pamọ́ fún alárinà kó má baà yí padà. Bí orúkọ àti àdírẹ́sì ò bá dáhùn, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ oorun àti Private network.

Bí ọ̀nà bá mọ́, tí ẹ rí PRINTA1, àmọ́ tí Windows kọ̀ láti so mọ́ ọn, tó wá gbé nọ́ńbà 0x0000011b jáde, ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Microsoft mú un ní dandan pé kí ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín kọ̀ǹpútà méjì lórí títẹ̀wé wà lábẹ́ ìdìmú tó le. Kọ̀ǹpútà tó ti gba àtúnṣe yẹn kò bá èyí tí kò tíì gbà á rẹ́ mọ́. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí méjèèjì gba àtúnṣe tuntun. Ẹ ó rí àwọn tó ní kí ẹ wọ registry, ibi tí Windows ń kó ètò inú rẹ̀ sí, lọ pa ààbò náà. Èmi ò ní ṣe é, torí ohun tí ẹ ń pa ni àgádágodo ilẹ̀kùn tí wọ́n dìídì fi síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí ihò tí ọlọ́ṣà lè gbà wọlé.

Ọgbọ́n kan wà tó dára ju ìyẹn lọ, ó sì tún wúlò bí driver alárinà ò bá bá kọ̀ǹpútà kejì mu. Ẹ kọ́kọ́ fi driver ẹ̀rọ náà sórí kọ̀ǹpútà kejì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú Printers & scanners, ẹ tẹ Add device, ẹ dúró díẹ̀ títí Add manually fi máa jáde, ẹ yan Add a local printer, Create a new port, Local Port. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ port, ẹ kọ:

\\YARAIWE\PRINTA1

Ẹ wá yan driver tí ẹ fi síbẹ̀. Lójú Windows, ẹ̀rọ tirẹ̀ ni, kò sì ní bá alárinà jiyàn lórí driver mọ́. Ó kàn ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lásán.

Mac, Linux àti fóònù

Bí Mac bá ni alárinà, iṣẹ́ kékeré ni: System Settings, General, Sharing, kí ẹ tan Printer Sharing. Mac yòókù á rí i fúnra wọn.

Raspberry Pi tàbí kọ̀ǹpútà Linux mìíràn gba ọwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo wọn lọ. CUPS, ètò tó ń bójú tó títẹ̀wé, ni wọ́n ń lò níbẹ̀, òun kan náà ló wà nínú Mac. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo orúkọ ẹ̀rọ yín lórí ojú òpó OpenPrinting bóyá Linux mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún driver tí ilé iṣẹ́ kọ fún kọ̀ǹpútà oní processor Intel nìkan, kò ní ṣiṣẹ́ lórí Raspberry Pi. Lẹ́yìn náà:

sudo apt install cups
sudo usermod -aG lpadmin $USER
sudo cupsctl --remote-admin --share-printers

Láti kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí https://192.168.1.50:631 nínú browser, kí ẹ fi àdírẹ́sì Pi tiyín rọ́pò èyí. Browser á pariwo pé òun ò mọ ìwé ẹ̀rí ibẹ̀. Pi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ẹ kọjá síwájú. Ẹ tẹ Administration, Add Printer, ẹ yan ẹ̀rọ tó wà lórí USB, ẹ má sì gbàgbé láti fi àmì sí Share This Printer. Ẹ yan driver, ẹ tẹ ìwé ìdánwò.

Èrè rẹ̀ ni fóònù. Ẹ̀rọ tí Windows pín kì í hàn sí iPhone, bẹ́ẹ̀ ni kì í hàn sí ọ̀pọ̀ fóònù Android. Àmọ́ CUPS pẹ̀lú Avahi, ètò ìpolongo tó sábà máa ń wà nínú Raspberry Pi OS látilẹ̀, máa ń polongo ẹ̀rọ náà sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹni pé AirPrint, ọ̀nà tí iPhone ń gbà tẹ̀wé láìsí wáyà, wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣáájú kí AirPrint tó dé ní 2010 á wá hàn lójú fóònù bí ti òní. Google Cloud Print tí àwọn kan ń fi ṣe irú èyí tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé láti ìparí 2020, nítorí náà ẹ má wá a kiri.

Ráútà àti print server

Ìdí tí mo fi wọ́n sẹ́yìn rèé. Àwọn àpótí wọ̀nyí kì í túmọ̀ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń gba iṣẹ́ láti ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì (port) 9100 tàbí 515, wọ́n sì ń tì í sínú USB bó ṣe wà. Ẹ̀rọ tó gbọ́ PCL tàbí PostScript ò ní ìṣòro pẹ̀lú ìyẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ayé àtijọ́, kọ̀ǹpútà ló ń ronú fún wọn. Wọ́n fẹ́ kí driver máa bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì máa dá a lóhùn. Irú wọn lè dákẹ́ pátápátá bí ẹ bá fi print server sí àárín. Ẹ wo àkọsílẹ̀ àpótí náà bóyá wọ́n dárúkọ ẹ̀rọ yín kí ẹ tó rà á. Bó bá ṣiṣẹ́, tí Windows sì ń sọ pé offline nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí Printer properties, Ports, Configure Port, kí ẹ yọ àmì tó wà lára SNMP Status Enabled.

Bó ti wù kí ẹ ṣe é, títẹ̀wé nìkan ni a ń pín. Bí ẹ̀rọ yín bá tún ń ya àwòrán ìwé wọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn ṣì gba pé kí èèyàn rìn lọ sídìí alárinà.

Ẹ má ṣe ṣí ẹnu ọ̀nà 445, 631 tàbí 9100 sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí ráútà, kódà bí ẹ bá fẹ́ máa tẹ̀wé láti ibi iṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n ṣàfihàn ihò ààbò lára ètò tó ń bá CUPS rìn, ẹnu ọ̀nà 631 sì ni àwọn ọlọ́ṣà lè gbà. Ẹ máa fún Pi ní àtúnṣe pẹ̀lú sudo apt update àti sudo apt full-upgrade.

Bí iṣẹ́ bá há lórí ìlà

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, á rí i pé kò tètè jáde, á tún fi í ránṣẹ́, á tún un ṣe. Ìlà iṣẹ́ á wá dì pa, Cancel kò sì ní ràn án. Lórí alárinà Windows, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ẹ kọ net stop spooler. Ẹ wọ C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú fódà náà rẹ́, àmọ́ ẹ má pa fódà fúnra rẹ̀ rẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ tún un tàn, kó lè gbàgbé ìdajì iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Ẹ wá kọ net start spooler, kí ẹ sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.